IṢẸ́ ỌWỌ́ WA: Ẹ̀rọ Tí Ń Ka Èémí Ẹ́ńjìnnì

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa bí a ṣe ń pààrọ̀ bíréèkì sí ojú ewé yìí, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi wá: báwo ni èèyàn ṣe lè mọ̀, kí owó tó kúrò lápò rẹ̀, bóyá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àlòkù ṣì lágbára tàbí wọ́n kàn fọ ojú rẹ̀ mọ́ ni? Ìdáhùn wa ni pé kí á wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n, ọwọ́ ara wa ni a fi ṣe é, òun ni a sì fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Ẹni tó bá ń gbé ní Prince George's County yìí mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ọkọ̀ ojú irin Metro dé College Park, ó sì dé Greenbelt, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ wà ní Bowie tàbí ní Laurel, tí ó sì ní kíláàsì ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kò lè máa dúró de ọkọ̀ èrò. Ọkọ̀ àlòkù ni púpọ̀ nínú wa ń rà, owó rẹ̀ sì lè jẹ́ gbogbo ohun tí èèyàn ti tọ́jú jọ láti ọdún kan àbọ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tí wọn yóò gbà èbúté Baltimore fi ránṣẹ́ sílé fún bàbá tàbí fún ẹ̀gbọ́n. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé Èkó, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì dákẹ́, ta ni a óò dá a padà fún? Ẹni tó tà á ti náwó rẹ̀ tán, owó ọkọ̀ ojú omi ti lọ, owó aṣọ́bodè ti lọ, ọjà Ladipo ni yóò wá jẹ èyí tó kù.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ìjọba ń yẹ ọkọ̀ wò?" Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin Maryland sọ pé kí wọ́n yẹ ọkọ̀ àlòkù wò ní ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ kí ẹni tó rà á tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ gba nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò: bíréèkì, táyà, iná, ìdarí ọkọ̀, gíláàsì, páìpù èéfín àti irú wọn. Ọ̀rọ̀ ààbò ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò èéfín tí wọ́n ń pè ní VEIP, tí ó ń bọ̀ ní ọdún méjì-méjì. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti 1996, wáyà lásán ni wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Nínú méjèèjì, kò sí ẹni tó ń tú púlọ́ọ̀gì láti mọ iye ìfúnpá tó wà nínú sílíńdà. Ọkọ̀ tí sílíńdà rẹ̀ kan ti ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè gba ìwé méjèèjì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó yani lẹ́nu pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ti ọkọ̀ òfuurufú. Ní College Park níbí ni pápá ọkọ̀ òfuurufú kan wà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1909, nígbà tí Wilbur Wright wá kọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ-ogun Amẹ́ríkà méjì bí a ti ń fò. Pápá náà kò tíì dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti ìgbà náà. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké onípísítọ́ọ̀nù ni wọ́n ń bà síbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni pé nígbà àyẹ̀wò ọdọọdún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n sílíńdà rẹ̀ wò. Kò ṣòro láti mọ ìdí. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú lójú ọ̀run, kò sí ẹ̀gbẹ́ títì tí a óò yà sí. Ohun tí wọ́n kà sí dandan lókè ni a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa ṣe nílẹ̀.

Kí ni kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n yìí gan-an? Inú sílíńdà ni písítọ́ọ̀nù ti ń lọ sókè sódò bí ọmọ odó nínú odó. Nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀, fáàfù kan á ṣí, afẹ́fẹ́ àti epo á wọlé. Nígbà tó bá tún ń gòkè, gbogbo fáàfù á ti pa dé, afẹ́fẹ́ náà kò ní ríbi gbà, yóò fún pọ̀ sínú kọ̀rọ̀ kékeré tó wà lókè. Ibẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì ti ń ṣáná sí i. Bí ìfúnpọ̀ náà bá le, iná yóò fi agbára ti písítọ́ọ̀nù padà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò, èèyàn kàn ń sun epo dànù ni. Ibi mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà jò: ó lè gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítọ́ọ̀nù bọ́ sísàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà, ó lè gba ìdí fáàfù tí kò pa dé mọ́, ó sì lè gba ojú tọ́ọ̀pù gáásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó.

Àwọn mẹkáníìkì wa nílé ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n á tú púlọ́ọ̀gì, wọ́n á fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, wọ́n á ní kí ọmọ iṣẹ́ yí kọ́kọ́rọ́. Bí atẹ́gùn bá ti ọwọ́ wọn dànù, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ṣì wà láàyè. Tàbí kí wọ́n ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá èéfín ń tú jáde níbẹ̀. A kò fi ọ̀nà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ọwọ́ ọ̀gá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ogún ọdún ní Agodi Gate n'Ìbàdàn mọ ohun tó ń ṣe, ó sì lè mọ̀ jù wá lọ tìwé-tìwé wa. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kò lè sọ pé sílíńdà kìíní jẹ́ 170 kí ìkẹta sì jẹ́ 130, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Iye tí à ń retí ṣeé ṣírò. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, ní ilẹ̀ tí kò ga ju òkun lọ púpọ̀ bí tiwa yìí, jẹ́ 14.7 psi, ìyẹn ni pọ́n-ùn mẹ́rìnlá àti díẹ̀ lórí ojú ínṣì kan níbùú kan lóròó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fún afẹ́fẹ́ tó gba ààyè mẹ́wàá pọ̀ sí ààyè kan, 14.7 lọ́nà mẹ́wàá ni 147. Ẹ yọ 14.7 tí géèjì kì í kà kúrò, ó ku nǹkan bí 132. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ a máa gbóná, ooru náà a sì fi kún ìfúnpá. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tó dára fi sábà máa ń fi nǹkan bí 130 sí 200 hàn. Iye tó tọ́ fún ọkọ̀ kan pàtó wà nínú ìwé àtúnṣe rẹ̀. Ẹ má gba ti ẹnu.

Wíwọ̀n ìfúnpá inú sílíńdà kì í ṣe àrà tuntun. Ní 1796, John Southern tó ń bá James Watt ṣiṣẹ́ so pẹ́ńsùlù mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, kí pẹ́ńsùlù náà lè máa ya ìfúnpá sórí ìwé bí písítọ́ọ̀nù ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Wọ́n pa á mọ́ bí awo fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì yé wa ìdí rẹ̀. Ohun tí pẹ́ńsùlù wọn yà ni ẹ̀rọ tiwa ń kọ sílẹ̀ ní nọ́ńbà.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sídìí iṣẹ́. A ra géèjì kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n alábẹ́rẹ́ kan tí kò wọ́n, kì í ṣe nítorí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe nítorí róbà rẹ̀ àti àwọn ìdí onírin tí ń wọ ihò púlọ́ọ̀gì, nítorí apá yẹn ni ó ṣòro fún èèyàn láti ṣe nílé. Mílímítà 14 ni ihò púlọ́ọ̀gì ọ̀pọ̀ ọkọ̀; àwọn kan jẹ́ 12. A tú abẹ́rẹ́ náà kúrò, a fi sẹ́ńsọ̀ ìfúnpá sí ipò rẹ̀. Irú èyí tí ń ka 0 dé 300 psi ni a lò. Wáyà mẹ́ta ló ní: ọ̀kan ń gba iná fólítì 5, ọ̀kan ni áàtì, ọ̀kan ń mú ìròyìn jáde. Bí kò bá sí ìfúnpá rárá, yóò mú fólítì 0.5 jáde, bí ìfúnpá bá pé 300, yóò mú 4.5 jáde. Nítorí náà, ẹ gba iye fólítì tó mú wá, ẹ yọ 0.5 kúrò, ẹ sọ èyí tó kù di púpọ̀ lọ́nà 75, psi nìyẹn. Fólítì 2.5, fún àpẹẹrẹ, yóò jẹ́ 150.

Ìròyìn fólítì yìí ni a gbé fún Arduino Uno. Pátákó kọ̀ǹpútà kékeré ni. Ní ìlú Ivrea ní Ítálì ni iṣẹ́ Arduino ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ ohun tí kò wọ́n, ìyẹn ni pé nítorí irú wa ni. Ó ń pín fólítì 0 sí 5 sí ìgbésẹ̀ 1024. Nípa bẹ́ẹ̀, 300 psi tiwa gba nǹkan bí ìgbésẹ̀ 820, ìgbésẹ̀ kan kò sì tó ìdajì psi. Fún iṣẹ́ yìí, ó ju bí a ti fẹ́ lọ. A so gíláàsì kékeré kan mọ́ ọn tó ń fi ìlà ọ̀rọ̀ méjì hàn, àti bọ́tìnnì kan tí a fi ń pa iye àtẹ̀yìnwá rẹ́.

Àṣẹ tí a kọ sínú Arduino náà kò gùn. Sítátà a máa yí ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bí ìgbà 200 sí 250 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá mú 240, tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan sì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, ìfúnpọ̀ méjì ni a óò rí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, ìgbà 1000 ni a ní kí Arduino wo sẹ́ńsọ̀, nítorí náà kò sí ṣóńṣó tó lè yọ́ kọjá lójú rẹ̀. A ní kí ó rántí iye tó ga jù lọ, kí ó sì tún kọ ṣóńṣó kìíní, ìkejì, títí dé ìkẹfà, sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ óò rí ìwúlò èyí láìpẹ́.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ fáàfù kékeré tó wà lẹ́nu róbà, ní ìhà ẹ́ńjìnnì. Fáàfù yìí jọ ti táyà. Ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú róbà, kì í jẹ́ kí ó padà. Àwọn kan á gbà yín níyànjú pé kí ẹ yọ ọ́ dànù, pé ẹ̀rọ oní-nọ́ńbà kò nílò rẹ̀. Lóòótọ́, bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ óò rí bí ìfúnpá ti ń gòkè tí ó ń sọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ó sì dùn ún wò lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò ohun tó ń bá a rìn. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 tó ní sílíńdà mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 450 cc. Bí ó bá ń fún mẹ́wàá pọ̀ sí ọ̀kan, kọ̀rọ̀ tó kù lókè jẹ́ 50 cc. Róbà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 6, gba nǹkan bí 8.5 cc. Bí fáàfù kò bá sí lẹ́nu rẹ̀, inú róbà ti di ara kọ̀rọ̀ sílíńdà nìyẹn: 50 ti di 58.5, mẹ́wàá sí ọ̀kan sì ti rẹ̀ sílẹ̀ di nǹkan bí 8.7 sí ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì tó yèkooro yóò wá dà bí aláìsàn, ẹ óò sì fi ọkọ̀ rere sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwa fi fáàfù náà síbẹ̀. Bí tiyín bá bàjẹ́, ẹ ra irú rẹ̀ gan-an. Ẹ má fi ti táyà lásán rọ́pò rẹ̀, nítorí sípíríǹgì ti táyà le jù ú lọ, iye tí ẹ óò kà yóò sì kéré sí òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ iná náà kò ṣeé fojú di. Nígbà tí sítátà bá ń yí, bátìrì ọkọ̀ a máa rẹ̀ láti fólítì 12 sí nǹkan bí 10. Nítorí náà, ẹ má gba iná ẹ̀rọ yìí láti ara ọkọ̀. Páwà báǹkì tí a fi ń gba fóònù sílẹ̀ ni àwa lò. Kí sẹ́ńsọ̀ àti Arduino sì jọ máa mu fólítì 5 kan náà, nítorí ìdá iná tí sẹ́ńsọ̀ bá gbà ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Bí 5 bá di 4.8 fún àwọn méjèèjì, ìṣírò kò yí padà. Bí ó bá di 4.8 fún ọ̀kan ṣoṣo, irọ́ ni ẹ óò máa kà.

Kí á tó gbà á gbọ́, a dán an wò. Nígbà tí kò sí ìfúnpá nínú róbà, ìgbésẹ̀ 102 ló yẹ kí Arduino kà, 102 tàbí 103 ni a sì rí. A wá fi páǹpù kẹ̀kẹ́ tó ní géèjì fún un ní atẹ́gùn, 40, 80, 120. Kò fi ju 2 psi yàtọ̀ sí géèjì náà níbì kankan. Gbogbo ohun tí a rà kò ju $80 lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà wáyà lè ra alábẹ́rẹ́ náà nìkan, kí ó lò ó bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, a kò ní purọ́ fún yín. Ohun tí tiwa fi jù ú ni pé ó ń kọ ìfúnpọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, èyí tí ojú kò lè tètè kà lára abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, torí títú púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má gbóná débi tí yóò jó ọwọ́. Ẹ yọ fíùsì tàbí rìléè tí ń gbé iná fún páǹpù epo, ẹ sì tú wáyà ara àwọn kọ́ìlì tí ń fún púlọ́ọ̀gì níná, kí iná má ṣe ṣẹ́ níbi tí epo ti ń fẹ́ jáde láti ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ má fojú kéré ìgbésẹ̀ yìí; iná kékeré ni í jó ilé. Ẹ tú gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ tò wọ́n bí wọ́n ti wà, nítorí ojú púlọ́ọ̀gì náà ní ìtàn tó ń sọ. Ẹ rọra dé ìdí róbà sí ihò kìíní pẹ̀lú ọwọ́, nítorí irin fífúyẹ́ ni orí ẹ́ńjìnnì òde òní, okùn ihò rẹ̀ kì í pẹ́ bó. Kí ẹnì kan tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé dáadáa, kí ó sì yí kọ́kọ́rọ́ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi fún ní ìgbà mẹ́fà. Ẹ kọ iye rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ bọ́ sí ìkejì. Iye ìgbà kan náà ni kí ẹ fún olúkúlùkù.

Ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe ni kò fẹ́ kí sílíńdà tó kéré jù dín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó ga jù. Bí ó bá dín, ẹ wo àwọn ṣóńṣó tí ẹ̀rọ kọ. Sílíńdà tó dára a máa gba ju ìdajì lọ nínú ìfúnpọ̀ kìíní, kò sì ní pẹ́ pé. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, tó ń fi wàhálà gòkè ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ríìngì ni kí ẹ fura sí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, tí kò sì gòkè, fáàfù ni. Láti mọ̀ dájú, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí tíì kan sínú sílíńdà náà, ẹ tún un wọ̀n: bí iye náà bá fò sókè, ọ́ìlì ti dí ẹ̀gbẹ́ ríìngì fún ìgbà díẹ̀ ni, ríìngì ló jẹ. Bí kò bá yí padà, ẹ wo fáàfù. Bí ó bá sì jẹ́ pé sílíńdà méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara ni wọ́n jọ rẹ̀ sílẹ̀, tọ́ọ̀pù gáásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Àbúrò wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí ọkọ̀ kan ní ìhà Lanham, $4,500. Ọkọ̀ náà mọ́, ó ń dán, ó sì ní ìwé àyẹ̀wò. Ẹni tó ń tà á ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lóòótọ́, ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Ó kàn ń gbọ̀n díẹ̀ bí ó bá dúró sójú kan ni. Ọkùnrin náà gbà kí á wọ̀n ọ́n. Sílíńdà kìíní mú 171 wá, ìkejì 168, ìkẹta 97, ìkẹrin 94. A da ọ́ìlì sí ìkẹta, 99 ni ó fò dé. Àbúrò wa kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kò ṣeé tún ṣe ni?" Ẹni tí ó bi nínú wa dá a lóhùn pé, "Ó ṣeé tún ṣe, àbúrò mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti ṣí orí ẹ́ńjìnnì kí á tó mọ iye tí yóò jẹ. Bí orí náà bá ti wọ́, iṣẹ́ ńlá ni." Ẹni tó ń tà á yọ $300. Àbúrò wa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá wa padà sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó rí òmíràn ní Hyattsville, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, ṣùgbọ́n tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàárín 160 sí 168. Òun ni ó ń wà lọ síbi iṣẹ́ títí di bí a ti ń kọ èyí.

Bí gbogbo sílíńdà bá jọ rẹ̀ bákan náà, ẹ má tètè dájọ́ ikú fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n wa kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ onísílíńdà mẹ́fà wá nígbà òtútù, gbogbo rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 110. Ojú rẹ̀ fà ro. A gbọ́ bí sítátà ti ń lọ́ra, a fi wáyà so bátìrì rẹ̀ mọ́ ti ọkọ̀ mìíràn, a tún un wọ̀n: kò sí èyí tó wá ní ìsàlẹ̀ 150. Bátìrì ni ó ra. Tọ́rótù tí a kò tẹ̀ dé ìsàlẹ̀ lè fa irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣéènì ẹ́ńjìnnì tó ti fo eyín kan. Èyí tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì o, mẹkáníìkì ni kí ẹ gbé e lọ bá.

Ẹ má lo ẹ̀rọ yìí fún ẹ́ńjìnnì dísù. Ti dísù a máa kọjá 300, ó sì lè ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́, tàbí kí ó já róbà sí èèyàn lójú. Ẹ má sì rò pé kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n rere ń jẹ́rìí sí gíà, tàbí sí ìpẹtà tó ń jẹ abẹ́ ọkọ̀ nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbí nígbà yìnyín. Ìyẹn lọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ kékeré nílé, irú èyí tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", lè fi ẹ̀rọ náà wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kàn máa fa okùn rẹ̀ dípò sítátà.

Ẹ̀rọ náà wà nínú àpótí irinṣẹ́ ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìdí onírin mílímítà 14 àti 12. A ti tẹ ìwé àṣẹ Arduino àti àwòrán wáyà rẹ̀ sí ojú ewé méjì, akọ̀wé yóò fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ní ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ yá ẹ̀rọ, kí ó sọ ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀, kí ó mú páwà báǹkì tirẹ̀ dání, kí ó sì jọ̀wọ́ nu ọ́ìlì kúrò lára róbà kí ó tó dá a padà. Nínú ìwé tó ń bọ̀, a óò sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ nígbà tí iná "check engine" bá tàn.